Irọ́ ni pé màléríà ò lè ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú ní nǹkan

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́ báyìí, tí àwọn èèyàn wa ń wọlé láti London, Houston, Toronto torí Ojúde Ọba, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: "Èmi kẹ̀? Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀fọn jẹ mí títí mo fi dàgbà, ẹ̀jẹ̀ mi ti mọ màléríà." Àwa tá a wà nílé náà á sì máa gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ o.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀ ṣá. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ń jẹ níbí lọ́dún dé ọdún, ara ẹ̀ ti mọ bó ṣe ń bá kòkòrò màléríà jà, ìdí nìyẹn tó fi lè ní kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ kó ṣì máa bá ọjà ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí iná ààrò ni, téèyàn ò bá koná mọ́ ọn, á kú. Ọdún mélòó kan níbi tí màléríà ò sí, ara ti ń gbàgbé nìyẹn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kí ìyá àgbà, ara tiwọn ò tiẹ̀ mọ ìjà yẹn rí. Ní UK, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ màléríà tí wọ́n ń rí ti ń wọlé, àwọn tó sì lọ kí mọ̀lẹ́bí ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwa náà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ti lo ọdún 14 ní London. Wọ́n wá sí Ojúde Ọba, wọ́n jókòó síta pẹ̀lú regberegbe wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà wọn, títí ilẹ̀ fi ṣú dáadáa, wọn ò lo oògùn ìdènà kankan. Ọjọ́ kọkànlá tí wọ́n padà, orí ń fọ́ wọn, inú ń ṣu, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn ni, òtútù ló mú àwọn. Wọ́n rí oògùn màléríà tí Màmá dì sínú báàgì, wọ́n gbé méjì mì, wọ́n sùn. Ìdájí ni àǹtí, ìyàwó wọn, pè mí, mo ń gbọ́ bí eyín wọn ṣe ń lu ara wọn nínú fóònù. Mo ní ẹ gbé wọn lọ ọsibítù kíákíá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ ni pé Nàìjíríà ni wọ́n ti dé.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ti ń wá bàtà pé àwọn fẹ́ máa lọ ilé. Lab ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé oògùn ààbọ̀ tí wọ́n lò yẹn lè jẹ́ kí kòkòrò ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan kéékèèké nínú lọ́hùn-ún tí abẹ́rẹ́ ò ní rí i fà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí 72 kí wọ́n tó sọ pé kò sí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i. A máa ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì lọ́nà méjì, èyí tó nípọn láti fi wá kòkòrò, èyí tó fẹ́lẹ́ láti fi mọ irú tó jẹ́ àti bó ṣe pọ̀ tó, falciparum, irú kòkòrò màléríà tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa níbí, á wá yọ bí òrùka kékeré tó ní òkúta lórí. Kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú lásán mọ̀, kì í sì í ṣe ohun tí "mo mọ ara mi" lè yanjú.

Ẹ̀fọn tó jẹ yín lónìí ò lè dá yín dùbúlẹ̀ lọ́la o, ó kéré tán bí ọjọ́ mẹ́fà sí méje. Èyí tó pọ̀ jù máa ń yọ láàárín oṣù kan, àwọn míì á tó oṣù mẹ́ta. Kódà tó bá ku díẹ̀ kó pé ọdún kan tẹ́ ẹ ti padà, tí ara bá gbóná, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ lọ sílé.

Tó bá jẹ́ oògùn màléríà tó ń jẹ́ artemether-lumefantrine ni wọ́n fún yín, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá, ẹ má fi ìyókù pamọ́ torí ara ti fúyẹ́. Ẹni tí ò mọ ibi tó wà mọ́ tàbí tó ń gìrì, abẹ́rẹ́ artesunate sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ọsibítù ni.

Kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, ẹ bèèrè oògùn ìdènà. Malarone, ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà. Doxycycline, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń já a sílẹ̀, bí wọ́n bá ti dé Heathrow báyìí, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀ lọ́dún yìí, wọ́n ti gba ti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa lò ó tán sára fìríìjì.