Èrò ọkàn mi: Ẹ yéé fi létà kọ̀ọ̀kan túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìtàn kan ń jà ràn-ìn lórí ayélujára, àwọn olùkọ́ kan náà sì ń fi kọ́ ọmọ: pé "news" dúró fún North, East, West, South. Irọ́ gbáà ni. Láti ara "new" ni wọ́n ti fà á yọ, bí àwọn Faransé ṣe ń sọ "nouvelles". Láyé àtijọ́, "newes" ni ọ̀pọ̀ ń kọ. "E" kejì yẹn ńkọ́, ìhà wo ló dúró fún? Yàtọ̀ sí èyí, kíkó létà ìbẹ̀rẹ̀ jọ di ọ̀rọ̀, irú "radar", ọ̀rúndún 20 ló di àṣà. "News" ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ìyẹn tó dé.

Kí ẹ tó gba orísun ọ̀rọ̀ kankan gbọ́, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, àti ẹni tó gbé e wọlé: ọmọ ogun ni àbí oníṣòwò, àlùfáà àbí ọ̀mọ̀wé? Bí ìdáhùn wọn kò bá bára mu, ẹ má pín in fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo "alcohol". Tìróò ni! Al-kuḥl ni àwọn Lárúbáwá ń pe ìyẹ̀fun dúdú tí wọ́n ń lé sójú. Àwọn tó ń wá oògùn àti wúrà nínú ìkòkò ní Yúróòpù gbà á, wọ́n ń fi pe ìyẹ̀fun yòówù tó bá kúnná dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 16. Nígbà tó yá, ó di orúkọ ogidi ohunkóhun tí wọ́n bá sè yọ. Ogidi tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá se wáìnì tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ tutù wá di "alcohol of wine". Wọ́n gé "of wine" dànù, ó ku ọtí.

"Al" iwájú rẹ̀ ló wà nínú "algebra", òun náà ló wà nínú àlùbọ́sà àti àlàáfíà tiwa. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí kì í ṣe gbogbo "al" ló ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá. "Alphabet" wá láti inú létà méjì àkọ́kọ́ àwọn Gíríìkì. "Al" inú aláṣọ sì rèé, "oní" ló yí padà níwájú "a".

Ó yẹ kí ọmọ iléèwé mọ ìdí tí "b" inú "debt" kò fi dún. "Dette" ni Faransé mú wá lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun England ní 1066. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ràn Látìn ló ki "b" bọ̀ ọ́ nítorí "debitum", ṣùgbọ́n ẹnu ará ìlú kò yí padà. Ti "island" tilẹ̀ burú jù. Ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọn kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé ọmọ ìyá "isle" tó ti ọ̀dọ̀ Faransé wá ni, wọ́n bá fi "s" há a láàárín.

Orísun kì í sì í ṣe ìtumọ̀ òní. "Nescius", aláìmọ̀kan, ni "nice" ní Látìn, òmùgọ̀ ni wọ́n sì ń fi bú nígbà tó kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní èébú ni títí dòní ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

Ọ̀fẹ́ ni Etymonline, ìwé atúmọ̀ orísun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ayélujára. Ẹ wo ọdún tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ka ìtàn rẹ̀.