Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá àti Òrìṣà Ẹ̀san

Eré ni àwọn ọmọ ń ṣe o, síbẹ̀ inú bí mi. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin jókòó yí tábìlì ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n ń ṣe eré kan tí ó ti Amẹ́ríkà jáde láti ọdún 1974, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Ẹnìkan ni yóò máa sọ ìtàn bí ẹni ń pàlọ́, àwọn yòókù yóò máa sọ ohun tí ẹni tí wọ́n yàn láti jẹ́ nínú ìtàn náà fẹ́ ṣe, dáìsì olójú 20 ni yóò sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn ní àwòrò òrìṣà ẹ̀san ni òun. Wọ́n dé abúlé kan, àgbẹ̀ kan fi igbe ta pé ọlọ́tí jí ẹṣin òun. Ọmọ wa kò bi ọlọ́tí ní ẹyọ ìbéèrè kan. Ó da dáìsì, ojú 19 jáde, ọ̀kọ̀ àrá gbé ọlọ́tí lọ, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí ó yá ni apàlọ́ tó wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àgbẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló fi ẹṣin dógò nítorí gbèsè ẹmu. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀san ni òrìṣà tèmi ń gbà, kì í gbọ́ ẹjọ́."

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹnìkan ro tẹnu rẹ̀, èkejì kò tíì dé, ìdájọ́ ti jáde. Kò sí ohun tí a ó tún máa tú níbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n ronú, wọ́n sì hùmọ̀ òrìṣà kan tó bá irú àgbà bẹ́ẹ̀ mu.

Hoar ni orúkọ òrìṣà ọ̀hún, nínú ayé àròsọ tí wọ́n ń pè ní Forgotten Realms, tí wọ́n tẹ̀ jáde fún eré náà ní ọdún 1987. Olúwa Àrá Mẹ́ta jẹ́ ọ̀kan nínú oríkì rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú, tó mú owó ẹyọ kan dání, orí tó wà lára owó náà sì ní ojú méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣàngó ni wọ́n wò ṣe é. N kò gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò mọ́ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe Ṣàngó.

Bẹ́ẹ̀, inú ayé eré kan náà ni Tyr wà, òrìṣà ìdájọ́ òdodo, tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́. (Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ orúkọ ọjọ́ tí àwa ń pè ní Ìṣẹ́gun.) Òṣùwọ̀n tó dúró déédéé lórí òòlù ogun ni àmì tirẹ̀ nínú eré, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì ní. Ìtàn àtijọ́ sọ bí èkejì ṣe lọ. Àwọn òrìṣà fẹ́ de ìkookò ńlá kan, Fenrir. Ìkookò ní òun kò ní gbà, àfi bí ẹnìkan nínú wọn bá ki ọwọ́ bọ òun lẹ́nu, kí ó jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ẹ̀tàn nínú eré okùn tí wọ́n pe òun sí. Ẹ̀tàn sì wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ara wọn lójú, Tyr nìkan ló na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìkookò sì gé e jẹ. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì wéra. Òrìṣà ìdájọ́ fi ọwọ́ tirẹ̀ dógò, gbogbo ayé ń rí ibi tó ti gé. Òrìṣà ẹ̀san fi ìbọ̀wọ́ bo tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá ó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ dáadáa yóò pàdánù nǹkan: àsìkò, oorun, nígbà mìíràn ọ̀rẹ́ tó rò pé ẹ̀yìn òun ni yóò wà. Ẹni tó fẹ́ ẹ̀san kò fẹ́ pàdánù ohunkóhun.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wá Hoar kiri, bí a kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìyá kan ní àdúgbò wa kó owó àjọ, ₦40,000, ó sì wá a tì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó ń bá a tajà ló ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọmọ náà ń sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a tún un wá," ìyá ti tú gèlè, ó ti kúnlẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ẹni tó bá fi ọwọ́ rẹ̀ mú owó náà kúrò níbi tí òun gbé e sí, kí àrá má jẹ́ kó rí ọjọ́ méje. Wọ́n kó ẹrù ọmọ síta nínú àpò Ghana Must Go kan. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá tú aṣọ òfì tó fẹ́ wọ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó, owó já bọ́ láàárín ìṣẹ́po rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde lóru, tó mú un kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí síbẹ̀.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Kò sí ẹni tó ń pe ẹ̀san tó rò pé òun lè jẹ́ ìyàwó. Ìyálé nìkan ló ń rò, bí ẹni pé ojú kan ni owó ẹyọ yẹn ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò ìṣẹ́jú kan lórí fóònù, tí ẹ ti ń kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé àrá yóò pa á, ẹ ti gbọ́ tẹnu ẹni tí ẹ ń ṣépè fún? Ẹ̀yin tí ẹnìkan yóò pariwo "Olè!" lọ́jà, tí ẹ ó ti máa yí táyà bọ̀, ta ni ohun rẹ̀ sọnù nínú yín? Ẹ kò ní sùúrù láti béèrè orúkọ ènìyàn, ẹ ní sùúrù láti wá epo bẹntiróòlù. Ẹ má pe ìyẹn ní òdodo mọ́ létí mi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ dúdú ni, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kí ẹ bọ́ ọ.

Ní ti ìyá àdúgbò wa, ó ti lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ó ti lọ sọ́dọ̀ àlùfáà, ó ti ra ewúrẹ́, kí èpè ẹnu rẹ̀ má baà padà sórí rẹ̀. Owó tó ná lé e lórí ti ju ₦40,000 lọ. Kò tíì rán ẹnikẹ́ni sí ọmọbìnrin náà.