Ṣé ó yẹ kí Sharkey fò sílẹ̀? Àríyànjiyàn lórí 13 Rue Madeleine

Káyọ̀dé Onísinimá: Nínú 13 Rue Madeleine, sinimá amí tí Henry Hathaway darí lọ́dún 1947, James Cagney ni Sharkey, ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn amí Amẹ́ríkà níṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé amí Jámánì ni O'Connell, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́. Wọn ò lé e; irọ́ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ nípa ibi tí wọ́n máa gbà wọ Yúróòpù. Nígbà tó fura, ó pa Lassiter, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ni Sharkey fúnra rẹ̀ bá gbéra, ó di ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni ìtàn yẹn ti sú mi. Ọ̀gá tó mọ irọ́, tó tún mọ òótọ́, ẹ wá gbé e fún ọ̀tá? Lásìkò ogun yẹn, BIGOT ni wọ́n ń pe ìwé orúkọ àwọn tó mọ ọjọ́ àti èbúté tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì máa gbà gúnlẹ̀ sí Normandy, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn dé ibi tí Jámánì ti lè mú un.

Bùkọ́lá A.: Ẹ̀gbọ́n, òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń pa á mọ́? Ẹ wo Yeo-Thomas, àgbà nínú SOE, iléeṣẹ́ amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti jókòó ti Churchill sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó fi párásúùtì bọ́ sílẹ̀ Faransé ní oṣù kejì 1944, torí kó lè yọ Brossolette, aṣáájú àwọn alátakò Násì ní Faransé, lẹ́wọ̀n. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú òun náà nítòsí Passy ní Paris. Brossolette ní tiẹ̀ gba ojú fèrèsé ilé 84 Avenue Foch bẹ́ sílẹ̀ kó má baà sọ̀rọ̀, ó sì kú.

Káyọ̀dé Onísinimá: Bùkọ́lá, àwọn èèyàn ni Yeo-Thomas mọ̀. Ta ló sọ ọjọ́ fún un? Amí tí ọwọ́ bá tẹ̀, wákàtí 48 ni wọ́n ní kó gbìyànjú láti fi pa ẹnu mọ́. Kó tó pé, àwọn tó kù á ti kó kúrò nílé, wọ́n á ti yí kóòdù padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ojú omi, ibo ni wọ́n fẹ́ kó lọ láàárín wákàtí 48?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ jẹ́ ká sọ ti okùn párásúùtì Lassiter tí O'Connell gé. Àwọn kan ní okùn kan ṣoṣo kò lè pa èèyàn. Ó lè pa á. Amí kì í fọwọ́ ṣí párásúùtì rẹ̀. Wọ́n á fi ìkọ́ so orí okùn kan mọ́ ara ọkọ̀ òfuurufú, orí kejì á wà lára àpò tó gbé sẹ́yìn. Bó ṣe ń já bọ́, okùn yẹn ló ń fa aṣọ jáde. Tí ẹ bá ti gé e, kò sí ohun tó máa fà á. Párásúùtì kejì ńkọ́? Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 600 ni wọ́n sì ti ń fò. Ìṣẹ́jú àáyá 6, ó ti kanlẹ̀.

Bùkọ́lá A.: Èyí tí mi ò gbà ni pé òṣìṣẹ́ tó ń yọ wọ́n síta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ọkọ̀ tí wọ́n ń gbà fò gan-an. Òun ló ń so ìkọ́, tó ń fi han amí pé ó ti wọlé. Báwo ni ọ̀bẹ ṣe kọjá ojú rẹ̀?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ìkọ́ ló ń wò, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo okùn, inú òkùnkùn sì ni. Ìparí gan-an ló ń dùn mí: ọwọ́ tẹ Sharkey, ni àwọn ará tiẹ̀ bá ju bọ́ǹbù lu ilé Gestapo, ọlọ́pàá àṣírí Násì, kó tó lè sọ̀rọ̀. Ní Copenhagen, 21 oṣù kẹta 1945, lóòótọ́ ni RAF, ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ òfuurufú Mosquito lu ilé Gestapo, wọ́n fò débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Àmọ́ nítorí fáìlì ni, àwọn alátakò Násì ní Denmark ló bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan já lulẹ̀ nítòsí iléèwé kan. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí èéfín, wọ́n ṣe bí ibi tí wọ́n ń wá nìyẹn. Ọmọ 86 ló kú.

Káyọ̀dé Onísinimá: Ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn májèlé wà fún amí, gíláàsì kékeré tí wọ́n fi rọ́bà bò. Tó bá ṣèèṣì gbé e mì lódidi, á gba inú rẹ̀ jáde láìṣe é ní nǹkan kan. Tó bá fi eyín fọ́ ọ, ó parí.

Bùkọ́lá A.: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ oògùn. Donovan, olórí OSS gan-an, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà lásìkò ogun, kò fara mọ́ sinimá yìí, torí wọ́n fi amí Jámánì sáàárín ọmọ OSS. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ inú rẹ̀ fi ń jẹ́ O77. Donovan kan náà gúnlẹ̀ sí Normandy ní oṣù kẹfà 1944 pẹ̀lú David Bruce. Bruce sọ pé ìbọn Jámánì ń dún lórí wọn nígbà tí ọ̀gá tọwọ́ bọ àpò, tó rí i pé òun ti gbàgbé oògùn náà sí òtẹ́ẹ̀lì ní London.

Káyọ̀dé Onísinimá: Ọjọ́ ti kọjá nígbà yẹn, kò sí ọjọ́ tó fẹ́ tú mọ́.

Bùkọ́lá A.: Ti Ultra ńkọ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ń ka kóòdù Jámánì? Ó mọ ìyẹn náà.