Abẹ́rẹ́ acupuncture kọ́ ló ń mú apá ẹyẹ tó kán jinná

Ẹnìkan tún fi ìdánilójú sọ fún mi lọ́sẹ̀ yìí pé acupuncture, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ara, ló mú apá ẹyẹ òun tó kán jinná, àti pé níwọ̀n bí ẹyẹ kò ti mọ ohun tí à ń pè ní ìtọ́jú, kò lè jẹ́ ìgbàgbọ́ lásán ló wò ó sàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹyẹ kọ́ ló ń ròyìn pé ara òun ti yá. Àwa tí à ń tọ́jú rẹ̀ ni, ojú wa sì máa ń rí ohun tí ọkàn wa ń fẹ́. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí méjì, Conzemius àti Evans, gbé ìwádìí kan jáde lórí ajá 58 tí àrùn oríkèé mú kí wọ́n máa tiro, tí a kò sì fún ní oògùn gidi kankan. Ó ju ìdajì ìgbà lọ tí àwọn olówó wọn ń sọ pé ìrìn wọn ti dára sí i, bí ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ilẹ̀ kò tilẹ̀ fi ìyàtọ̀ kankan hàn, àwọn dókítà ẹranko pàápàá sì ṣe irú àṣìṣe kan náà.

Egungun ẹyẹ tó kán, tí a tò dáadáa, tí kò sì ya awọ jáde, sábà máa ń dúró ṣinṣin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Mo ti tọ́jú ẹyẹlé kan bẹ́ẹ̀ rí. Mo di apá rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, mo sì fi í sínú àpótí tó ṣókùnkùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀, egungun náà ṣì ń yẹ̀ lábẹ́ ìka mi, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejìdínlógún, kókó líle kan ti yọ níbẹ̀, kò sì mì mọ́. N kò gún un ní abẹ́rẹ́ kankan. Ká ní mo gún un ni, abẹ́rẹ́ ni ì bá gba gbogbo ìyìn.

Ewu tó wà nínú dídi ẹyẹ mú láti gún un ní abẹ́rẹ́ ló ń bí mi nínú jù. Lójú ẹyẹ ìgbẹ́, ẹni tó fẹ́ pa á jẹ ni wá. Nígbàkígbà tí a bá dì í mú, yóò máa lanu mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkìkì, àwọn mìíràn sì máa ń kú mọ́ni lọ́wọ́.

N ó gbà pé nígbà tí olùwádìí Habacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí acupuncture lára ẹran ọ̀sìn wò ní ọdún 2006, wọ́n ní ó yẹ kí a túbọ̀ ṣèwádìí nípa ìrora awọ àti ìgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí tó lágbára tó láti dámọ̀ràn rẹ̀ fún àìsàn kankan.

Nígbà tí mo bi ẹni tó ní acupuncture ló wo ẹyẹ òun sàn léèrè síwájú sí i, ó ní dókítà ẹranko ti kọ́kọ́ to egungun náà, ó ti fún ẹyẹ náà ní oògùn ìrora, ó sì ti di apá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.