Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹ bi àwọn ará Jàpáàn wò

Ó ti sú mi. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì mẹ́ta kò gbọdọ̀ forí korí níbikíbi, kí àwọn èèyàn wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí: “Àwọn báyìí ti dara pọ̀, àwọn tọ̀hún náà ti dé, ó parí, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.” Bí ẹnì kan bá wá béèrè pé ta ló jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ipò, wọ́n á ní ọ̀tá ìṣọ̀kan ni. Òwe àwọn baba wa ti di ohun tí wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìka kan ṣoṣo ò lè lu àyà kó dún. Ṣùgbọ́n níbo ni òwe yẹn ti ní kí ìka mẹ́rin lọ ṣèpàdé lẹ́yìn àtàǹpàkò? Ẹni tí kò bá rí ohun tí mò ń wí, kó jẹ́ ká lọ sí Jàpáàn.

Láti ọdún 1955 ni ẹgbẹ́ Liberal Democratic, LDP, ti ń ṣèjọba níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1993, Tsutomu Hata àti Ichiro Ozawa kó àwọn èèyàn wọn jáde nínú rẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ Shinseito sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìjókòó 223 ni LDP rí mú nínú 511, kò sì tó o láti dá ṣèjọba. Ni àwọn yòókù bá gbára jọ, àwọn mẹ́jọ, wọ́n fi Morihiro Hosokawa tó ti ṣe gómìnà Kumamoto rí ṣe olóòtú ìjọba. Inú ará ìlú dùn. Àgbájọ ọwọ́!

Nínú àwọn mẹ́jọ yìí, ẹgbẹ́ Socialist ló tóbi jù, ìjókòó 70 ni wọ́n ní. Shinseito ní 55, Komeito ní 51, ẹgbẹ́ Hosokawa fúnra rẹ̀ kò ní ju 35 lọ. Ẹni tó ní 70 gbà kí ẹni tó ní 35 ṣe olórí. Kò jà, kò ta. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé wọ́n ń ka ìbò rẹ̀ mọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ gidi bá délẹ̀, wọ́n á gbàgbé pé ó wà nínú ilé.

Lóru ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì ọdún 1994, Hosokawa pe àwọn oníròyìn jọ. Ó ní àwọn máa fagi lé owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn á fi owó orí tuntun rọ́pò rẹ̀, ìdá 7. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe dé orí 7, ó ní òun kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Lóru! (Ta ló ń kéde owó orí lóru, bí kì í ṣe ẹni tó mọ̀ pé àwọn ará ilé òun ò fọwọ́ sí i?) Àwọn Socialist fárí gá. Masayoshi Takemura, akọ̀wé àgbà kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹni tó yẹ kó máa gbẹnu sọ fún un, takò ó ní gbangba. Kò pẹ́ rárá tí Hosokawa fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ọ̀rọ̀ 100 mílíọ̀nù yen tó gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ akẹ́rù Sagawa Kyubin lọ́dún 1982 dé e mọ́lẹ̀. Ó ní òun yá a ni, òun sì ti san án, ṣùgbọ́n LDP ò jẹ́ kó rímú mí, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Hata ló kàn. Ní ti ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kó tó dé ìdí òṣèlú. Òun náà ló máa ń gé apá kóòtù rẹ̀ kúrú nígbà ooru, kó má baà sídìí pé kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ amúlétutù jẹ iná. Ẹ wo àgbà òṣèlú tó de táì, tó wọ kóòtù, tí apá kóòtù náà sì parí síbi ìgbúnwọ́. Kì í ṣe ẹni burúkú. Àmọ́ ibi tó jókòó sí ni ẹ̀gún wà.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin, wọ́n dìbò yàn án, àwọn Socialist náà sì dìbò fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán, Shinseito, ẹgbẹ́ Hosokawa, àwọn Democratic Socialist àti àwọn mìíràn ti kóra jọ di àkójọ kan nílé aṣòfin, Kaishin, kí wọ́n lè pọ̀ ju Socialist lọ. Wọn ò sọ fún Socialist. Ẹ jọ dáwó ra màlúù, ẹ ní kí ẹnì kan lọ pọnmi, kó tó dé ẹ ti pín ẹran! Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Tomiichi Murayama, olórí Socialist, ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri ti lanu wàyí.

Ọjọ́ 28 ni Hata gbé kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kalẹ̀, iye tí wọ́n jẹ́ ò sì tó ìdajì ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mínísítà ètò ìdájọ́, Shigeto Nagano, fi ní irọ́ ni ìpakúpa Nanjing, èyí tí àwọn ọmọ ogun Jàpáàn pa àwọn èèyàn nílẹ̀ China lọ́dún 1937, ló bá di dandan kó kúrò. Oṣù Kẹfà ni ètò ìsúná tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látoṣù Kẹrin tó kọjá nílé. Bó ti kọjá báyìí, LDP gbé àbá kalẹ̀ pé àwọn ò fọkàn tán ìjọba mọ́. Hata ka ìbò, kò pé. Ní ọjọ́ 25 ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Títí ẹlòmíràn fi gba ipò náà lọ́jọ́ 30, ọjọ́ 64 ló lò. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ń lò láti 1947, olóòtú ìjọba kankan ò tíì lo àkókò tó kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá gba inú ògiri wọlé? LDP ni. Wọ́n lọ bá Socialist, ẹni tí wọ́n ti ń bá jà fún bí ogójì ọdún, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ẹ ṣe olórí, àwa á tẹ̀ lé yín.” Ní ọjọ́ 29, Murayama fi ìbò 261 borí 214. Ẹni tí àwọn Ozawa fà sílẹ̀ láti bá a du ipò náà ni Toshiki Kaifu, ọmọ LDP tó ti ṣe olóòtú ìjọba rí! Ẹgbẹ́ tí wọ́n ní àwọn kórìíra ni wọ́n tún lọ yá èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀dàlẹ̀ ni Murayama. N kò ní í pè é ní ẹni mímọ́, nítorí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ látọdúnmọ́dún nípa ọmọ ogun ilẹ̀ náà, pé wọ́n tako òfin ìlú, kò ju ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ lọ tó fi gbé e mì, nígbà tó sì di ìdìbò 1996, ìjókòó 15 ló kù fún wọn. Wọ́n jìyà tiwọn. Ṣùgbọ́n ta ló la ẹnu ògiri? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àjọṣe, ẹ ò lójútì. Ẹ gba ìbò èèyàn lọ́sàn-án, ẹ lọ ṣèpàdé tí ẹ ò pè é sí lálẹ́, ó bínú jáde tán, ẹ wá ń pè é ní aláìmoore. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lójú rẹ̀ kó tó dìbò fún yín? Ozawa tí gbogbo Tokyo ń bẹ̀rù ọgbọ́n rẹ̀, ìṣirò ọmọdé lásán ló bì í ṣubú: 70 ni wọ́n lé jáde. Takemura tí òun àti Ozawa ò gbọ́ra wọn yé nígbà ìjọba Hosokawa ni Murayama gbé iṣẹ́ mínísítà ètò ìnáwó fún.