Oyin inú igbó ò tíì kú tán o, ẹ yé é sọ bẹ́ẹ̀

Lánàá lẹnì kan tún sọ ọ́ lójú mi, pé kò sí oyin inú igbó mọ́, pé varroa, kòkòrò kékeré kan tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára, ti pa gbogbo wọn, pé èyí tá a bá rí nínú ihò igi, inú àpótí tẹ́nì kan fi ń sin oyin ló ti ṣí wá, tí wọn ò bá ti fún un lóògùn kò ní í yè. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn tó ń sin oyin gan-an ló ń sọ ọ́ jù, torí tiwọn ń kú lójú wọn, wọ́n wá rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo.

Ẹ gbọ́ nípa igbó Arnot ní New York, l'Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1978, Thomas Seeley, onímọ̀ nípa oyin ní Yunifásítì Cornell, àti ẹnì kejì ẹ̀ wá ilé oyin inú igi nínú igbó yẹn, wọ́n kà wọ́n. Varroa wọ Amẹ́ríkà ní 1987. Seeley padà lọ kà wọ́n ní 2002, iye tó bá níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí tàtijọ́, varroa sì wà lára wọn o, ẹnikẹ́ni ò fún wọn lóògùn! Tẹ́ ẹ bá ní ṣe ni wọ́n ṣí wá, wọ́n ti fi DNA wọn wé ti oyin inú àpótí tó sún mọ́ igbó yẹn jù, ìran wọn yàtọ̀. Wọ́n tún fi oyin inú igi agbègbè yẹn wé òkú oyin tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ láti 1977, àtọmọdọ́mọ wọn ni. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ kú nígbà tí varroa kọ́kọ́ dé, mi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù bímọ.

Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé ihò igi ò tóbi, bíi lítà 40, kì í pẹ́ kún, tó bá ti kún ìyá oyin á kó èyí tó pọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á ṣí lọ. Inú ojú afárá tí wọ́n ti fi ìda dé mọ́ ọmọ oyin nìkan ni varroa ti ń bímọ, tí ìyá bá wá lọ, tí ìyá tuntun ò tíì yé ẹyin, ibo ni varroa fẹ́ bímọ sí? Ilé kan sí èkejì sì tún jìnnà, bíi kìlómítà kan, kì í ṣe bá a ṣe ń to àpótí ogún síbì kan tí oyin ibí ń ṣìnà wọ tọ̀hún tòun ti kòkòrò lára.

Èmi náà ń sin oyin. Mo ti kúnlẹ̀ síwájú àpótí mi rí, tí mò ń wo oyin tó ń rákò nínú koríko, ìyẹ́ ẹ̀ ti ká kò bí ewé gbígbẹ, varroa pupa lẹ̀ mọ́ ọn lára bí eégbọn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ajá. Torí náà mi ò ní kẹ́ ẹ lọ da oògùn yín nù, oyin inú àpótí yín ò tíì la ohun táwọn ti igbó là kọjá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́dún tó kọjá wọ́n fẹ́ gé igi kan tí oyin wà nínú ẹ̀, ẹni tó fẹ́ gé e ní wọ́n á ṣáà kú náà ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Mo lọ wò wọ́n láàárọ̀ yìí, ẹnu ihò yẹn ń dán fún oje igi tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, wọ́n ń kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọlé lẹ́sẹ̀ méjèèjì.