Ọ̀ta ló tọrọ ọ̀mì, òpè ló sáré gbà á

Láti àná ni ẹ ti ń kí mi pé mo ta ọ̀mì nínú ìdíje chess pẹ̀lú ẹni tí rating rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi bí èèyàn ṣe mọ chess ta tó hàn) fi 400 ju tèmi lọ. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá. Ibi tí mo ti ń jẹ́ kí ojú pọ́n ọn ni mo ti gba ọ̀mì yẹn.

Ìpele àkọ́kọ́ ni, ìgbà tí ètò Swiss, tí wọ́n fi ń yan ẹni tí oníkálukú máa bá ta, máa ń fa àwa ìsàlẹ̀ lé àwọn ọ̀ta lọ́wọ́. Èmi 1600, òun 2000. Ní ìgbésẹ̀ 14 ó fi pawn kan (ọmọ ogun kékeré orí pátákó) sílẹ̀ fún mi, ó rò pé àyà mi á já. Mo jẹ ẹ́. Nígbà tí a fi dé ìgbésẹ̀ 31, ayaba ti lọ, rook (ilé ìṣọ́) kọ̀ọ̀kan ló kù sí wa lọ́wọ́, pawn mi tó wà létí pátákó sì ti ń rìn lọ láti di ayaba. Ìṣẹ́jú 4 ló kù lórí aago rẹ̀, 19 ló kù fún èmi. Ó sún rook rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní "Ọ̀mì?", ó tẹ aago. Bí òfin ṣe wí gan-an ló ṣe é, mi ò bá a wí.

Ìṣẹ́jú 19 ni mo ní láti fi ronú. Kíá ni mo na ọwọ́ sí i.

Ṣé bí èmi náà bá jẹ́ 2000, ṣé ó máa bi mí? Ẹni tó fi 400 jù ọ́ lọ kì í ṣàánú ẹ lórí pátákó. Tó bá tọrọ ọ̀mì, nǹkan ti ń jó o nídìí. Eré àtẹ̀yìnwá ni nọ́ńbà Elo, rating yẹn, ń kà, kò mọ pawn tó wà níwájú mi. Carlsen, tó padà di ọ̀ga chess lágbàáyé, jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà tó jókòó ti Kasparov, ẹni tó wà ní ipò kìíní lágbàáyé nígbà náà, ní Reykjavik lórílẹ̀-èdè Iceland ní 2004, Kasparov ló ń wá ọ̀nà àbáyọ títí ọ̀mì fi dé.

Àwọn kan ti ní ìdajì àmì sàn ju òfo lọ, pé rating mi á gòkè. Ó dáa.

Lálẹ́ àná mo gbé eré náà sí kọ̀ǹpútà. Ó ní mo ṣáájú díẹ̀, pé ọ̀nà tóóró kan ló wà, ọba mi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn. Mi ò rò pé mi ò bá rí i. Ọ̀rọ̀ náà ti wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́: bóyá ẹ̀rù ló gba ọ̀mì yẹn, bóyá ojú mi ti rí bí ọ̀nà náà ṣe tóóró tó.